Okùn Kẹfà Gìtá Mi

Èmi Jímọ̀ tí ẹ̀ ń wò yìí, mo ti fi gìtá mú iná wá rí. Iná ti lọ ní Ladi-Lak, àdúgbò wa ní Bàrígà, fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, ẹja ti jẹrà nínú fíríìjì gbogbo ilé, ni mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án gangan, mo ta kọ́ọ̀dù kan báyìí, ohùn bíi mélòó kan tó dún pa pọ̀, kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Kí ohùn rẹ̀ tó kú, iná dé. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Rédíò ilé kejì bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìlọta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata fúnra rẹ̀, ó sì lọ ọ́ kúnná. Ìyá tó ni ata náà wá bá mi, ó ní, "Jímọ̀, jọ̀ọ́, lọ́la mo fẹ́ lọ ẹ̀wà, má rìn jìnnà o."

Mo mọ̀ pé ẹ kò gbà mí gbọ́. Ẹ fi ti iná sílẹ̀ ná, a máa padà débẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa gbájú mọ́. Gìtá ni mo ta, ó lé ní ogójì ọdún, ní Bàrígà àti Ṣómólú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgbádùn ni iṣẹ́ orin, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ inú olórin rí kó tó gun pèpéle. Tèmi máa ń kùn bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń wọ́ àga nílẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí kò kùn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ju ìbẹ̀rù lọ. Ti ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ wà, ti ẹni tó ń díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n sì wà. Ti ẹni tó ń díbọ́n yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ará Abẹ́òkúta ni bàbá mi, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe ní Ṣómólú. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi ní kíláàsì karùn-ún. Kì í ṣe pé orí mi kú o, ẹsẹ̀ mi ni kì í dúró sójú kan. Gìtá àkọ́kọ́ tí mo ní, okùn mẹ́rin ló kù lára rẹ̀, mo fi wáyà búrékì kẹ̀kẹ́ ṣe ìkarùn-ún. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wo ọwọ́ àwọn àgbà, mo sì ń ṣe bí mo ṣe rí i, àfi ìgbà tí ẹnìkan sọ fún mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń ta á. Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ Ọ̀gá Kọ́lá ní Bàrígà kò gba àlàyé: onígìtá rẹ̀ sá lọ sí Kùtọnu, èmi ni mo wà nítòsí. Owó tó ń san kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ìka mi mọ iṣẹ́. Ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ pé èyí jẹ́ àléébù títí Tàfá fi dé. Tàfá ń fọn fèrè onídẹ. Inú ẹgbẹ́ olórin àwọn sójà ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tó jáde ní bárékè ló wá bá wa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó tún gbé e kúrò.

"Jímọ̀, kíì wo la wà, ohùn wo la fi ṣe dò?"

"Kíì orin yìí náà ni."

"Èwo wá ni kíì orin yìí?"

"Èyí tí mò ń ta lọ́wọ́ yìí."

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Tàfá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìka rẹ mọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n kò lè júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ bá jọ ń lọ, báwo lẹnì kejì ṣe máa bá ọ débẹ̀?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín ju àwọn tó kù lọ. Nígbà tí mo délé, oúnjẹ kò lọ.

Ọdún yẹn ni àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn alágbádá, ti àkọ́kọ́ o, kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin bá láyé. Kò sí ògiri kan ní Bàrígà tí ojú olóṣèlú kò sí lára rẹ̀. Wọ́n pe Ọ̀gá Kọ́lá pé kí ẹgbẹ́ wa wá ṣeré ní pápá ilé-ìwé kan lọ́jọ́ tí wọn ó kí àwọn tó bá wọlé káàbọ̀. Orin tuntun ni wọ́n fẹ́, fèrè mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí àwọn alágbádá tó ń lé sójà lọ fẹ́ràn ohun tó bá dún bíi ti sójà.

Ọ̀gá Kọ́lá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Jímọ̀, oṣù mẹ́rin ló kù. Orin tó wà nínú ìwé ni mo fẹ́, kí àwọn onífèrè lè kà á. Bí o bá ṣe é, ìwọ ni olórí onígìtá mi títí màá fi kú. Bí o kò bá lè ṣe é, ọmọ kan wà ní Yábà tó mọ̀wé orin. Màá mú un wá, wàá sì máa bá a gbé gìtá."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti dé ìdajì."

Mi ò tíì kọ lẹ́tà kan. Ìyàwó mi lóyún oṣù méjì. Mi ò lè rán aṣọ, bàbá mi ti gbìyànjú títí, ó ti sú u. Bí gìtá bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kò sí ohun tí ọwọ́ mi tún mọ̀. Mo lọ bá Tàfá, mo fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó rí ojú mi.

"Bàbá kan wà ní Ọbanikóró," ni Tàfá wí, "Bàbá Adéoyè ni wọ́n ń jẹ́. Ẹsẹ̀ igi ni wọ́n ń gbẹ́ fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn eegun Igbóbì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ nílé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wọn. Lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n Jímọ̀, má sọ fún wọn pé o mọ nǹkan kan o."

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá Adéoyè, ó ga, ó gbẹ, ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ dà bí èyí tí ó gbẹ́. Nínú àgbàlá rẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà tí àwọn tó ń dúró de ẹsẹ̀ máa ń jókòó sí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Kí lo mọ̀?" Ó ní kí n dìde.

Mo gbàgbé ìmọ̀ràn Tàfá. "Kò sí orin tí mi ò lè ta, sà."

"Ta ọ̀kan."

Mo ta èyí tó máa ń gbé àwọn ará Bàrígà dìde lórí àga. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní bí òun bá ti gba ẹsẹ̀ òun, òun máa jó o. Bàbá dúró títí mo fi parí.

"Kọ́ọ̀dù tí o fi parí yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìka mẹ́ta ni, sà."

Bàbá gba gìtá náà, olókùn mẹ́fà tí mo rà nígbà tó yá, lọ́wọ́ mi. Ó tú okùn márùn-ún kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn, ó kó wọn sínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan, ó kọ orúkọ mi sí i lẹ́yìn, ó sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ibi tó ń kó ìṣó ẹsẹ̀ sí. Ó dá gìtá padà fún mi pẹ̀lú okùn kan.

"Okùn kan lo mọ̀. Ìyókù, bí o bá ṣe ń mọ̀ wọ́n ni wàá máa gbà wọ́n."

Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Gìtá ẹlẹ́gìtá ni mo ń yá lọ ṣeré ní gbogbo ìgbà yẹn.

Bàbá le. Kò gbà kí n fi ìka kan nǹkan tí ẹnu mi kò tíì pè. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń rìn lọ sí Ọbanikóró, mo jókòó láàárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan, mò ń kọ dò-rè-mí lórí okùn kan. Ẹ wo ọrùn gìtá, irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló dábùú rẹ̀ bí àkàbà. Láti dò dé rè, irin méjì. Rè dé mí, irin méjì. Mí dé fà, irin kan péré. Mo bi Bàbá ìdí tí ti mí àti fà fi jẹ́ ẹyọ kan péré. Dípò kó dá mi lóhùn, ó ní kí n bọ́ bàtà kan sílẹ̀, kí n fi èkejì rìn yí àgbàlá ká.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tiro, sà."

"Báwo ni bàtà yẹn ṣe ga tó?"

"Kò ju ìka kan lọ, sà."

"Ìka kan ló sọ ọ́ di atiro. Ẹsẹ̀ tí mo bá fi ìka kan gbẹ́ gùn jù, ẹni tó wọ̀ ọ́ á tiro títí ayé. Irin kan lórí gìtá, bákan náà. Má pè é ní 'péré' mọ́."

Ó ní pẹ́ńsùlù kan tó fi ń sàmì sára igi. Bí mo bá purọ́ pé mo ti mọ ohun tí mi ò mọ̀, ó ń fi í gbá egungun ìka mi. Kì í gbá mi bí mo bá ní mi ò mọ̀. Ó yẹ kí n ti rí ẹ̀kọ́ inú ìyẹn nígbà náà. Bàbá tó bí mi gbọ́ tí mò ń fi ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe dò-rè-mí nílé, ó bi mí bóyá mo ti di onígbàgbọ́. Mo ní rárá, sà, dò-rè-mí kò tíì yan ẹ̀sìn.

Okùn kejì, mo gbà á nígbà tí mo lè sọ bí ohùn méjì ṣe jìnnà síra wọn láìwo ọwọ́ mi. Ìkẹta dé nígbà tí mo lè ka ohun tó wà nínú kọ́ọ̀dù tí mo ní ìka mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́sí: dò, mí, sò. Àṣé gbogbo ọdún tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, mi ò mọ orúkọ àwọn àlejò tó ń sùn nílé mi. Ìkẹrin, Bàbá ní kí n fa ohùn àárín wálẹ̀ ní irin kan. Mo fà á wálẹ̀, kọ́ọ̀dù tó ń rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gbogbo orin tí mo ti ń kọ tẹ́lẹ̀, kọ́ọ̀dù méjì ni mo ń gbé kiri nínú wọn bí ẹlẹ́rù. Láti ọjọ́ yẹn, orin bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi lójú ọ̀nà.

Ìkarùn-ún ni ti kọ́ọ̀dù tí kì í sùn níta. "Bí o bá ta á tí o dákẹ́," Bàbá wí, "gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ á máa retí ẹni tó ń bọ̀ wálé." Òun ni mo ta ní Ladi-Lak lọ́jọ́ tí iná dé. Mo ta á, mo dákẹ́. Iná ló parí rẹ̀ fún mi.

Orin alágbádá jáde nínú okùn márùn-ún yẹn. Ó dùn. Irọ́ kọ́ ni èyí. Mo ta á fún Ọ̀gá Kọ́lá, ó di ojú rẹ̀, ó ní, "Ti ọmọ Yábà ti tán." Ó ku ìwé fèrè. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù.

Mo sọ fún Bàbá. Ó yẹ àpòòwé náà wò, okùn kan ló kù níbẹ̀, èyí tó nípọn jù.

"Ohun èlò ẹlòmíràn ni ẹ̀kọ́ okùn kẹfà. Kò sí ohun èlò tí kò ní ìwà tirẹ̀. Wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a máa bẹ̀rẹ̀. Má kọ ìwé kankan fún onífèrè títí o ó fi gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Ọ̀gá Kọ́lá sì fẹ́ ìwé ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò lè sọ fún un pé mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ṣé kì í ṣe ìdajì ni mo ní mo ti dé láti oṣù mẹ́rin? Mo tún rò ó pé kí ló tún kù láti mọ̀? Dò ni dò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í gbọ́ òwe yìí lọ́jọ́ tó bá wọ aṣọ tuntun. Mo lọ ra okùn kẹfà fúnra mi, mo so ó mọ́ gìtá, mo jókòó, mo kọ apá fèrè mẹ́ta ní dò-rè-mí.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀, ni mo bá gbé e lọ fún atẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ọkùnrin náà wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó.

"Bọ̀dá, kí ni d, r, m yìí? Ṣé kò ní kó mi sí wàhálà sójà? Wọn ò tíì kúrò tán o."

"Orin ni."

"Orin tí kò lọ́rọ̀ nínú? Ó dáa. Kí n ṣe àkọlé rẹ̀ gàdàgbà?"

Mo ní kó ṣe é gàdàgbà. Gbogbo ojú ìwé, ó tẹ KÍÌ G, lẹ́tà ohùn tí a fi ṣe dò, sí i lórí, dúdú, tóbi, bí orúkọ olóṣèlú.

Tàfá gba tiwọn lọ́wọ́ mi. Ó mú àwọn méjì mọ́ra tí wọ́n jọ wà ní bárékè tẹ́lẹ̀. Ó wo ìwé náà, inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tó ti ń jẹ mí nínú láti ọjọ́ náà.

"Jímọ̀, ṣé o ti tún tiwa ṣe?"

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Kí ni wọ́n ń tún ṣe? Abèèrè kì í ṣìnà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "Tún kí ni ṣe?", ahọ́n mi ìbá sì ti gbà mí là. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀rín ọjọ́ kìíní.

"Mo ti tún un ṣe," mo ní. "Pátápátá."

"Ọkùnrin mi," Tàfá wí, ó gbá mi léjìká.

Onílé wa kì í fẹ́ gbọ́ fèrè, ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nítorí náà àwa yòókù ń dánra wò nínú àgbàlá ní Bàrígà, àwọn onífèrè ń lọ sí etí omi ní Ìlàjẹ. Mo lọ gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mẹ́ta dúró lórí pákó, ọsà wà níwájú wọn, orin mi ń jáde lẹ́nu wọn. Ó mọ́, ó gún. Àwọn apẹja gbé àwọ̀n wọn sílẹ̀. Àwa àti àwọn kò jọ dánra wò títí di ọjọ́ eré. Èmi ni mo ní kò sí ìdí. Mo ní gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé.

Ọjọ́ náà, oòrùn mú. Pápá kún. Agbádá funfun jókòó sí ìlà mẹ́ta níwájú. Ọ̀gá Kọ́lá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

Gìtá wọlé, ó dára. Ìlù wọlé, ó dára. Ọ̀gá Kọ́lá kọ ìlà méjì, àwọn agbádá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ni fèrè mẹ́ta bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀? Ẹ rántí ọkùnrin oníbàtà kan nínú àgbàlá Bàbá. Gbogbo pápá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Orin wa ń lọ sókè, tiwọn ń bá a lọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, wọn kò pàdé, wọn kò sì pínyà. Ìyá àgbà kan fi ìborùn di etí. Alágbádá kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà á, ẹ̀rín náà rìn láti orí ìlà kan dé èkejì. Mo ń wá ibi tí mo ti ṣìṣe lórí ọrùn gìtá, mi ò rí i, nítorí èmi kò ṣi nǹkan kan tẹ̀. Tàfá ń fọn án, ojú rẹ̀ ń bẹ lára ìwé, ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó mọ̀. Kí ìlà kejì tó parí, ó ti mọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀gá Kọ́lá na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́. A fi gìtá nìkan parí rẹ̀.

Lẹ́yìn pèpéle, Ọ̀gá Kọ́lá kò pariwo. Ìyẹn ló burú.

"Ta ló bà á jẹ́?"

"Ohun tó wà nínú ìwé la fọn, sà," Tàfá wí. "Mo bi Jímọ̀ bóyá ó ti tún tiwa ṣe. Ó ní ó ti tún un ṣe. Jímọ̀, sọ fún wọn."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo wo ìka mi. Mo rántí ìyàwó mi, mo rántí ọmọ Yábà, mo rántí pé mi ò lè rán aṣọ. Mo dákẹ́.

"O rí i," Ọ̀gá Kọ́lá sọ fún Tàfá. "Gbogbo ayé ló gbọ́ ẹni tó ń dún sódì. Gìtá kọ́."

Tàfá nu ẹnu fèrè rẹ̀, ó gbé e sínú àpò rẹ̀, ó so ó. Ó ní, "Ó dáa, Jímọ̀." Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. Èmi di olórí onígìtá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé Ọbanikóró kí ìrì tó gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àmì àyà mi wà nínú yẹ̀pẹ̀ títí òjò fi rọ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá gbé mi dìde, ó mú pẹ́ńsùlù, ó yà á fún mi: fèrè tí Tàfá ń fọn, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ni pé ohun tí òun bá pè ní G, F ni gìtá ń pè é. Irin méjì ló fi relẹ̀. Kíì A ló yẹ kí n kọ sórí ìwé tiwọn. Ní bárékè, ẹni tó kọ orin ló máa ń tún un ṣe kó tó dé ọwọ́ wọn. Ohun tí Tàfá béèrè nìyẹn. Bàbá ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú àpòòwé, ó fún mi ní okùn kẹfà. Ó ní kí n lọ bá Tàfá. Mo lọ, Tàfá dárí jì mí, a jọ mu gààrì kan náà, ó sì padà sínú ẹgbẹ́.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e sáré. Gìtá onígi di gìtá oníná, mo kọ́ láti má fọwọ́ kan gbohùngbohùn bí ilẹ̀ bá tutù. Kásẹ́ẹ̀tì dé, kásẹ́ẹ̀tì lọ. Lónìí, ọmọ tó fẹ́ to okùn gìtá rẹ̀, fóònù ló ń sọ fún un pé kó gbé e sókè díẹ̀; nígbà tiwa, etí ni, bí etí bá sì di, ó di náà nìyẹn. Ọ̀gá Kọ́lá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, olórí onígìtá ni mo jẹ́ títí ó fi kú. Orin tí mo kọ lẹ́yìn ìyẹn lé ní ọgọ́rùn-ún, mi ò sì kọ fèrè sí ọ̀kankan nínú wọn.

Nígbà tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún pè wá pé ká wá ṣeré. Ọmọ kan ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa. Olórin obìnrin ní orin náà ga jù fún ohùn òun. Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo kíbọ́ọ̀dù relẹ̀ ní irin méjì.

"Mo ti tún un ṣe, mà," ó ní.

Mo gbé gìtá sílẹ̀, mo lọ dúró lẹ́yìn mọ́tò fúngbà díẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní gìtá nínú yàrá mi, okùn márùn-ún ni mo sì máa ń tú kúrò. Mo ka ohun tí mo kọ yìí fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ti iná, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ti Ọbanikóró, ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Rìsí, ìgbà wo lẹ lọ?"

"Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì."

"Oyún Rìsí ló wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ padà wálé kí oòrùn tó mú, ẹ sùn, ẹ kọjú sí ògiri."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lé ní ogójì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo dé àgbàlá Bàbá lóòótọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń dúró de ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé tó ń bi ẹnìkan pé, "Ibo ló ń dùn ọ́?" Mo dìde, mo lọ. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́ títí Bàbá fi kú. Mi ò wá Tàfá. Ẹnìkan ní ó wà ní Ìlọrin, ẹnìkan ní ó ti kú. Mi ò tíì bi ẹni kẹta. Ohun tí mo ní Bàbá yà fún mi, onífèrè kan tí mi ò mọ̀ rí ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Irọ́ ni mo fi dí ibẹ̀ yẹn: ìdọ̀bálẹ̀ mi, àpòòwé, àti gààrì. Ti ata, mo bù mọ́ ọn díẹ̀. Iná dé lóòótọ́, ẹ lọ béèrè ní Ladi-Lak.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á sì tán. Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ló ti gba okùn kẹfà lọ́wọ́ mi, mi ò fi ti ẹnikẹ́ni pa mọ́. Èyí tó wà lára gìtá tèmi, mo rà á ni.